Bébà Pélébé Tí Kò Lè Gbé Lẹ́tà

Bí oṣù Dìsẹ́ńbà bá ti wọlé, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa. Télọ̀ kò ní í ráyè dá ènìyàn lóhùn mọ́, owó ìrẹsì àti ti adìyẹ yóò ti lé sí i, àwọn ọmọ yóò sì máa fi ìka ka iye ọjọ́ tó kù. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ohun tí í máa ń tẹ̀lé e. Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ní oṣù Jánúárì, ọmọ tó wọ bàtà tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Kérésìmesì ni yóò wá dúró níwájú tábìlì mi láìní ìwé ìkọ̀wé, tí yóò ní, “Tíṣà, bàbá mi ní kí ẹ ní sùúrù.” N kò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti ra irú bàtà bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtàn tí mo mú wá kò ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní Dẹ́ńmákì àti ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, láàárín àwọn ènìyàn tí ìnáwó ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ìtàn bébà kan ni, bébà pélébé tí kò tóbi ju sítáǹbù lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín gba New York kọjá, kí ẹ lè rí irú ẹrù tí ọdún dì lé àwọn ènìyàn lórí nígbà náà.

Àwọn ilé ìtajà ńláńlá ti pọ̀ ní ìlú yẹn nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ilé alájà púpọ̀ tó jẹ́ pé ohun tí ènìyàn bá fẹ́ rà ni yóò bá níbẹ̀. Bí Kérésìmesì bá kù díẹ̀, wọn kì í tètè tilẹ̀kùn mọ́. Àwọn ọmọbìnrin tí ń bá wọn tajà a máa dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú pátápátá. Àwọn ọmọdékùnrin tó yẹ kó ti sùn a sì máa ru ẹrù àwọn oníbàárà kiri nínú òtútù. Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Florence Kelley, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn olùrajà tí a dá sílẹ̀ ní 1899. Ní 1903 ó kọ àròkọ kan tó gbóná, ó ní a ti sọ Kérésìmesì di yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tó bẹ àwọn ènìyàn kò le: kí wọ́n tètè ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ lè rí ààyè sinmi.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà lẹ́nu ènìyàn. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́jà náà fi gba “ẹ tètè rà” yìí mọ́ aláàánú lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi polówó ọjà ara wọn. Wọ́n ń tètè rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n rírà náà kò dín kù. Ńṣe ni ó ń gùn sí i. Lónìí, láti oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, ní ọjọ́ Jimọ̀ tí wọ́n ń pè ní Black Friday, ni ìgbòkègbodò ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀, àwa náà sì ti kọ́ ọ níbí.

Ẹrù mìíràn tún wà lórí àwọn ọmọbìnrin ilé ìtajà wọ̀nyẹn. Bí ọdún bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ dáwó jọ láti ra ẹ̀bùn fún ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Ẹni tí owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ká oúnjẹ àti ilé ni yóò máa ra ẹ̀bùn fún ẹni tó ju ú lọ, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ìbẹ̀rù ni. Ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà 1912, àwọn obìnrin kan da ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Adènà Ẹ̀bùn Tí Kò Wúlò. Àwọn tó ṣíwájú ni Eleanor Belmont, tó ti jẹ́ òṣèré orí ìtàgé tẹ́lẹ̀, àti Anne Morgan, ọmọ J. P. Morgan olówó báńkì. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọlọ́rọ̀ ńlá nílùú ló ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má ṣe ra ẹ̀bùn mọ́! Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló wọ ẹgbẹ́ náà, nítorí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn sọ ọ́ síta. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, Theodore Roosevelt, tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ẹgbẹ́ yẹn kò pẹ́ láyé. Ogun ńlá ti 1914 bẹ́ sílẹ̀, Anne Morgan sì lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó ń ran àwọn tí ogun ba ilé wọn jẹ́ lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìṣòro ẹgbẹ́ náà ni pé “má ṣe” ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣòro láti sọ fún ènìyàn ní ọjọ́ ayọ̀ pé kí ó ká ọwọ́ kò. Ọwọ́ tó ti là tán fẹ́ kí a fi nǹkan lé òun. Àwọn Mùsùlùmí ti mọ èyí tipẹ́: ní ìtúnu àwẹ̀, kí a tó kírun yídì ni a ti gbọ́dọ̀ wọn mùdù mẹ́rin oúnjẹ lórí olúkúlùkù nínú ilé, tí a ó gbé e fún aláìní, kí òun náà lè rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ ọdún. A kò fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún, nígbà tí owó bá ti tán. Ara ọdún gan-an ni a so ó mọ́.

Ẹnì kan ní Dẹ́ńmákì so ó mọ́ lẹ́tà.

Einar Holbøll ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, kì í ṣe olówó, kì í ṣe oníwàásù. Ní Kérésìmesì 1903, bí ó ti ń to àwọn lẹ́tà àti káàdì ọdún tó kún ibi iṣẹ́ fọ́fọ́, èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Olúkúlùkù ẹni tó kọ àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ti ra bébà, ó ti ra káàdì, ó ti ra sítáǹbù. Bí a bá ní kí ó tún ra bébà kékeré kan sí i, ní owó tí kò lè dùn ún, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà, ńjẹ́ yóò kọ̀? Owó náà ni a ó sì fi tọ́jú àwọn ọmọdé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ yìí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ife, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí ó ti rí nígbà náà kò ní í mọ ohun tí bébà yẹn já sí. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ti fi yé gbogbo ayé ní ọjọ́ 24 oṣù Máàṣì 1882 pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á, àti pé láti ara ẹnì kan ni ó ti ń ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mímọ ohun tó ń pa ni kì í ṣe oògùn. Láti 1882 títí fi di ọgọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn náà, kò sí oògùn kan tó lè pa kòkòrò náà nínú ènìyàn. Ohun tí àwọn dókítà lè ṣe kò ju pé kí wọ́n gbé aláìsàn lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, kí ó sinmi dáadáa, kí wọ́n máa fún un ní wàrà àti ẹyin àti oúnjẹ tó lókun. Olówó lè ṣe èyí. Tálákà tí ń gbé inú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà kò lè ṣe é, inú yàrá yẹn náà ni ikọ́ sì ti ń gba ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì.

Holbøll gbé èrò rẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n gbà á. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọba Christian Kẹsàn-án, òun náà gbà á, àwòrán ìyàwó ọba, Ayaba Louise tó ti wàjà ní 1898, ni wọ́n sì yà sára èyí àkọ́kọ́. Ní Dìsẹ́ńbà 1904 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní øre 2, owó ẹyọ tí ọmọdé pàápàá lè ní lọ́wọ́. Nígbà tí ọdún fi parí, èyí tí wọ́n tà ti lé ní 4,000,000. Gbogbo ènìyàn ilẹ̀ Dẹ́ńmákì nígbà náà kò sì ju 2,500,000 àti díẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé. Nígbà tó di 1911, wọ́n ti fi owó òǹtẹ̀ Kérésìmesì yìí kọ́ ilé ìwòsàn kan sí etí omi ní ìlú Kolding.

Kò sí ẹni tó dáwọ́ káàdì ọdún dúró nítorí Holbøll. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀nà tí owó ti ń gbà lọ tẹ́lẹ̀ náà ni ó la ojú odò kékeré kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́tà kò mọ ààlà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti Dẹ́ńmákì, tí òǹtẹ̀ náà wà lára rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Jacob Riis ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Dẹ́ńmákì ni Riis, ó ti ré òkun kọjá ní 1870, ó sì ti di akọ̀wé ìròyìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nítorí ìwé tó kọ ní 1890 nípa bí àwọn tálákà New York ti ń gbé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa mẹ́fà nínú àwọn arákùnrin rẹ̀. Ẹ lè mọ irú ojú tí yóò fi wo bébà yẹn. Ní oṣù Júláì 1907 ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn The Outlook, ó bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè ìdí tí àwọn náà kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nínú ìwé ìròyìn sábà máa ń kú sínú ìwé ìròyìn. Èyí kò kú, nítorí pé ẹnì kan wà ní Wilmington, ní ìpínlẹ̀ Delaware, tó nílò 300 dọ́là kíákíá. Emily Bissell ni obìnrin náà. Dókítà kan, ìbátan rẹ̀, ń tọ́jú àwọn aláìsàn díẹ̀ nínú ilé pákó kan lẹ́bàá odò Brandywine, owó sì ti tán. Bí 300 dọ́là kò bá jáde, a ó ti ilé náà, àwọn aláìsàn yóò sì padà sílé lọ kú. Bissell ti ka ọ̀rọ̀ Riis. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán òǹtẹ̀ kan, ewé ọdún tó yí ká, ìkíni Kérésìmesì àti àgbélébùú pupa. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa gbà fún un pé kí ó lo àmì wọn. Ó yá 40 dọ́là lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́, ó tẹ 50,000 jáde, ó sì tẹ́ tábìlì sínú ilé ìfìwéránṣẹ́ Wilmington ní ọjọ́ 7 oṣù Dìsẹ́ńbà 1907. Sẹ́ǹtì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti máa ṣàlàyé fún àwọn olùrà pé bébà yìí kò lè gbé lẹ́tà dé ibì kankan, àti pé kí wọ́n ra sítáǹbù pẹ̀lú rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé áńgẹ́lì ni Emily Bissell. Òun kan náà ló ń káàkiri tí ó ń sọ̀rọ̀ pé kò yẹ kí a fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, ó sì ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ènìyàn ń jẹ́ ènìyàn. Iṣẹ́ tó tọ́ tó ṣe ni à ń sọ.

Ọjà kò yá. Ọjọ́ ń lọ, owó kò tíì tó. Ni Bissell bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Philadelphia, ó lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn North American. Olóòtú àkọ́kọ́ tó rí kò gbà á. Lójú rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó bá Kérésìmesì mu. Ó ti ń múra àtilọ nígbà tó yà kí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn, Leigh Mitchell Hodges, tí ó máa ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Hodges wo bébà náà, kò jókòó mọ́. Ó gbé e sáré gun òkè lọ bá ọ̀gá àgbà. Láti ọjọ́ náà ni ìwé ìròyìn yẹn ti ń kọ nípa òǹtẹ̀ Kérésìmesì lójoojúmọ́, wọ́n sì ń tà á nínú ilé iṣẹ́ wọn.

Ibẹ̀ ni ọmọdékùnrin kan ti wọlé lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ń kiri ìwé ìròyìn ní òpópónà ni, aṣọ rẹ̀ ti gbó. Ó na ẹsẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè dé orí káńtà, ó fi sẹ́ǹtì kan lélẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀kan. Ó ní àrùn yẹn ń ṣe ẹ̀gbọ́n òun obìnrin.

300 dọ́là ni wọ́n ń wá. Nígbà tí ọdún parí, ohun tí wọ́n rí jẹ́ 3,000 dọ́là. Ní 1908, tí wọ́n tà á káàkiri Amẹ́ríkà, ó di 135,000 dọ́là. Sẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ni gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ipa tí àwọn ọmọdé kó kò kéré. Ní nǹkan bí 1915, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ bí ọmọ ogun ìlera. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò máa fi àmì sí ìwé lójoojúmọ́: mo fọ ọwọ́ kí n tó jẹun, mo fọ eyín, mo ṣí fèrèsé sùn, mo fi nǹkan bo ẹnu nígbà tí mo wúkọ́. Wọ́n ń ta òǹtẹ̀ náà láti ilé dé ilé pẹ̀lú. Mo ti dán irú ìwé àmì bẹ́ẹ̀ wò ní kíláàsì tèmi, mo sì lè sọ fún yín pé ọmọ tó ń purọ́ pé òun ti fọ eyín kì í pẹ́ kí èkejì rẹ̀ tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

A lè bi mí pé, ṣé bébà pélébé ló wá ṣẹ́gun ikọ́ ẹ̀gbẹ? Rárá o. Ní 1943 ni Albert Schatz àti Selman Waksman, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Rutgers, rí oògùn streptomycin láti ara ohun abẹ̀mí tíntín kan tó ń gbé inú ilẹ̀, àwọn oògùn mìíràn sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé ìwòsàn etí odò àti orí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ṣùgbọ́n láàárín 1904 sí àkókò yẹn, ẹni tí kò ní owó ilé ìwòsàn, ta ni ì bá tọ́jú rẹ̀? Lára àwọn tí òǹtẹ̀ yìí gbà sí afẹ́fẹ́ rere, àwọn kan yè. Iṣẹ́ ìjọba ni kí ilé ìwòsàn wà. N kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àánú àwọn aráàlú bo ojú ìyẹn. Kí ìjọba tó dìde ni àwọn oní-sẹ́ǹtì-kan dìde.

Ikọ́ náà kò sì tíì kúrò láàárín wa. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yọ lẹ́nu jù lọ ní ayé. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2 tí kò lọ, kí ó má ṣe jókòó sílé kó máa dá agbo mu. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, oṣù 6 sì ni a sábà máa ń lò ó láìjáwọ́. Ọ̀pọ̀ ló mọ èyí tí kò sì lè lọ, nítorí pé owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀ ni kò sí. Owó ọkọ̀ yẹn kéré sí owó bàtà Kérésìmesì.

Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà tiwọn. Ní San Francisco, ní Dìsẹ́ńbà 1891, Joseph McFee, ọ̀gágun nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà, gbé ìkòkò kan kalẹ̀ sí èbúté tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, kí àwọn tó ń kọjá lè ju owó sí i fún oúnjẹ Kérésìmesì àwọn tálákà ìlú. Ó ti rí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Liverpool nígbà tó jẹ́ atukọ̀. Ìkòkò pupa náà ṣì ń jáde lọ́dọọdún. Ní 2012 ni wọ́n sì ya ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan sọ́tọ̀ ní New York fún ìtọrẹ, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Black Friday, bí ẹni pé wọ́n ní kí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rajà tán má tíì padà sínú àpò.

Dẹ́ńmákì kò tíì dá òǹtẹ̀ tirẹ̀ dúró láti 1904. Ogun kò dá a dúró. Nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ kúrò lọ́nà níbẹ̀, wọ́n sọ owó náà di ti àwọn ilé tí àwọn ọmọ mìíràn ń lọ gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìyà jẹ, ọmọ tí kò ní ọ̀rẹ́, ọmọ tí ara rẹ̀ wúwo jù tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó lè bá àwọn yòókù ṣeré.

Holbøll kú ní 1927. Emily Bissell kú ní 1948, lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé díẹ̀ tó ti tẹ́ tábìlì rẹ̀ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Wilmington. Ní 1980, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ sítáǹbù kan jáde ní sẹ́ǹtì 15, àwòrán rẹ̀ sì ni wọ́n fi sára rẹ̀. Èyí lè gbé lẹ́tà.